Nígbà tí Ètò Ìsinmi Bá Forí Ṣánpọ́n

Nínú ẹ̀kọ́ tí a kà kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́ àkànṣe ni a gbé yẹ̀wò, èyíinì ni owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lóṣooṣù nítorí ohun kan pàtó, bí owó iléèwé ọmọ, owó Iléyá tàbí owó Kérésìmesì. A sọ bí akọ̀wé ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé, a sì sọ ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ owó ìfipamọ́ gbogbogbòò. Ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ yín bi wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà: bí ohun tí a torí rẹ̀ dá owó kò bá ṣeé ṣe mọ́ ńkọ́? Ta ló láṣẹ lórí owó náà? Ṣé ìgbìmọ̀ ni, àbí àwọn tó dá a?

Àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ kan tí mo máa ń yẹ ìwé wọn wò ni n ó fi dáhùn. N kò ní í dárúkọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ wọn, akọ̀wé wọn sì fi ìwé ìròyìn ìrìnàjò náà lé mi lọ́wọ́ kí n kà á. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ni, ní ìlú Ìbàdàn, wọ́n sì jẹ́ 112 lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ẹnu iṣẹ́ ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé, “Kí ló kan alájẹṣẹ́kù nínú fàájì?” Ó kàn án. Gbogbo wa la mọ Rochdale, níbi tí àwọn ahunṣọ ti dá ilé ìtajà wọn sílẹ̀ ní 1844. Ní agbègbè Lancashire yẹn kan náà, ní ìlú Colne, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà tí ń jẹ́ T. A. Leonard. Ó ṣàkíyèsí pé lọ́dọọdún, bí àwọn ilé iṣẹ́ òwú bá ti tì fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, àwọn òṣìṣẹ́ á kó owó tí wọ́n fi ọdún kan jọ, wọ́n á sì ná an tán létí òkun láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní 1891 ó kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀ lọ sí Ambleside, láàárín àwọn òkè àti adágún, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n jọ ń jẹun, owó tí kálukú san kò sì pọ̀. Láti inú ìyẹn ni ẹgbẹ́ Co-operative Holidays Association ti jáde ní 1893. Nítorí náà, kì í ṣe òní ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nítorí ìsinmi.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá fọwọ́ síwèé pé àwọn á máa dá ₦5,000 lóṣooṣù fún oṣù méje. Wọ́n fẹ́ lọ sí Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Wọ́n fẹ́ rí Kútọnu, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi, kí wọ́n sì dé Wídà, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn baba ńlá wa sínú ọkọ̀ lọ sí òkè òkun nígbà òwò ẹrú. Ètò tó dára ni. Ìṣirò rẹ̀ pàápàá dára bí a bá fojú oṣù kìíní wò ó: ẹni mẹ́rìnlá ní ₦35,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦490,000 ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ kan tí yóò gbé wọn lọ tí yóò sì gbé wọn bọ̀.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Líítà kan tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì fi di oṣù keje, ó ti kọjá ₦600 ní àwọn ibì kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦470 lójú ìwé ìjọba gòkè kọjá ₦700. Bí dọ́là bá sì ti gòkè, sẹ́fà náà gòkè nìyẹn, nítorí owó Yúróòpù ni wọ́n so sẹ́fà mọ́.

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà méjì ni ìyà náà gbà wá. Ọlọ́kọ̀ ní òun kò lè gbé wọn ní iye tí wọ́n fẹnu kò sí ní oṣù kẹta, kí wọ́n mú ìlọ́po rẹ̀ wá. Owó tí wọn yóò fi sùn, tí wọn yóò fi jẹun ní Kútọnu sì ti di nǹkan mìíràn. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n bẹ ọlọ́kọ̀, kò gbà. Ohun kan ṣoṣo tó gbà wọ́n ni pé akọ̀wé ti kọ àdéhùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n san àsansílẹ̀, ọlọ́kọ̀ sì fọwọ́ sí i, pé bí ìrìnàjò kò bá ṣeé ṣe, kò ní í yọ ju ₦14,000 lọ. Ó yọ ọ́, ó dá ìyókù padà. Bí wọ́n bá fi ẹnu lásán ṣe é ni, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá já sí. Ohun tó kù lápò wá jẹ́ ₦476,000, ₦34,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìsinmi wọn ku ọjọ́ mẹ́rin.

Wọ́n pe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dìde, àgbà ọmọ ẹgbẹ́ ni, ó sì sọ̀rọ̀ tó wọ ọ̀pọ̀ wọn lára. Ó ní ẹgbẹ́ lówó ní báńkì, àpò ìpamọ́ wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, kí wọ́n yá nínú rẹ̀ kí wọ́n fi kún owó ọkọ̀, kí wọ́n sì san án padà nígbà tí wọ́n bá dé. Kápò wo ojú mi. Mo sọ fún wọn pé, “Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, owó yẹn kì í ṣe ti ẹni mẹ́rìnlá.” Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ wa sọ pé, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdọọdún gbọ́dọ̀ wọ inú àpò ìpamọ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ lè dúró ní ọjọ́ tí nǹkan bá le. Àwọn 98 tó kù kò sí ní ìpàdé yẹn, wọn kò sì tọrọ Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó, kó gba fọ́ọ̀mù owó yíyá bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń gbà á, kó mú onídùúró wá, kó sì dúró de ipò rẹ̀ lórí ìlà. Kò sí ẹni tó gba fọ́ọ̀mù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnì kejì ní kí wọ́n pín owó náà, kí oníkálukú máa gba ilé rẹ̀ lọ. Kò burú. Owó wọn ni.

Ẹnì kẹta ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ó béèrè pé, “Ṣé dandan ni kí ọkọ̀ gbé wa dé gbogbo ibi tí a bá fẹ́ rí ni? Ẹ jẹ́ ká fi àpò kọ́ ẹ̀yìn, ká wọ ọkọ̀ èrò dé Àkúrẹ́, ká gba ibẹ̀ dé Ìdànrè, ká fẹsẹ̀ gun òkè.” Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rí orúnkún mi?” Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé, ẹ̀rín náà dákẹ́.

Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ alákòóso ló pinnu. Àwọn mẹ́rìnlá tó dá owó ló dìbò, nítorí pé owó ìfipamọ́ àkànṣe jẹ́ ti ẹni tó dá a títí yóò fi kúrò lápò. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni láti tọ́jú rẹ̀ àti láti san án jáde bó ṣe yẹ. Ìbò tó pọ̀ jù kò sì lè fi ipá mú ẹni tó kù láti ná owó rẹ̀ sí ohun mìíràn. Ẹni mẹ́sàn-án ló fẹ́ lọ Ìdànrè, ẹni márùn-ún kò fẹ́. Àwọn márùn-ún gba ₦34,000 kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ síwèé, ọ̀rọ̀ sì parí láìsí ìjà. ₦306,000 ló kù fún àwọn mẹ́sàn-án. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó túká lórí owó tí kò tó ìdajì èyí, nítorí pé wọ́n fi ìbò kó owó aláìfẹ́ dání.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹrù. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó lè rìn láti ilé dé ọjà lè gbé àpò gun òkè.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sọ pé ẹrù tí ènìyàn yóò gbé kọ́ ẹ̀yìn kò yẹ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wọn 60 kìlógíráàmù, kó má gbé ju 12 lọ. Ẹni tí kò rìn bẹ́ẹ̀ rí, kó tún dín in kù. Àwọn mẹ́sàn-án yìí kó àpò wọn wá sí ilé ìtajà ẹgbẹ́, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì. Àpò arábìnrin kan wọn 19 kìlógíráàmù, òun fúnra rẹ̀ kò ju 65 lọ. Wọ́n tú u. Wọ́n bá ayọ́ọ̀nù níbẹ̀, bàtà mẹ́ta, aṣọ ìró méjì, ìkòkò, àti ìgò òróró. Ó ní, “Ẹ ò mọ̀ bóyá a ó ya ibì kan.” Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá ayọ́ọ̀nù padà sílé.

Nígbà tí wọ́n tú àpò yòókù ni wọ́n rí i pé ìkòkò mẹ́fà ló wà láàárín ẹni mẹ́sàn-án, tọ́ọ̀ṣì mẹ́jọ, ọ̀bẹ méje. Èyí gan-an ni ẹ̀kọ́ alájẹṣẹ́kù. Ìkòkò kan tó láti se oúnjẹ gbogbo wọn, ọ̀bẹ méjì tó, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta pẹ̀lú bátìrì àpamọ́ tó. Wọ́n kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí yóò gbé e sínú ìwé, bí ìgbà tí a ń ka ọjà inú ilé ìtajà. Kò sí àpò tó ju 11 kìlógíráàmù lọ mọ́, omi sì wà nínú rẹ̀.

Omi ló wúwo jù. Líítà kan omi, kìlógíráàmù kan ni. Ọ̀rá omi tí à ń mu, ìdajì líítà ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ọ̀rá mẹ́jọ ti di kìlógíráàmù mẹ́rin. Síbẹ̀ omi kọ́ ni a ó dín kù. Ẹni tó bá ń gun òkè nínú ooru nílò ju líítà mẹ́ta lọ lóòjọ́, kó sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Ohun tí a lè dín kù ni oúnjẹ tó ní omi nínú. Wọn kò gbé iṣu. Wọ́n gbé gàrí, ẹ̀pà díndín, kúlíkúlí, iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìkirè, wọ́n ra dòdò Ìkirè, nítorí pé kò tètè bàjẹ́. Bí mo bá ní kí n sọ tèmi, kò sí bísíkíìtì òyìnbó kankan tó lè dúró níwájú dòdò Ìkirè lójú ọ̀nà.

Bàtà náà ṣe pàtàkì. Kámbáàsì tó ti rọ̀ sí ẹsẹ̀ sàn ju bàtà tuntun lọ. Bàtà tuntun a máa mú ìléròrò yọ ní gìgísẹ̀ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ kó máa gbóná níbì kan lẹ́sẹ̀, ẹ dúró, ẹ nu ún gbẹ, ẹ lẹ pìlásítà mọ́ ọn kó tó di ìléròrò. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Òkúta ńláńlá ló yí ìlú náà ká, ilẹ̀ kòkó sì ni. Lórí àwọn òkè náà ni àwọn baba ńlá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, níbi tí ogun kò ti lè tètè dé bá wọn. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó. Ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà lókè, kóòtù àtijọ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1896. Láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kó tó dé ibi ìlú àtijọ́, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà tí ènìyàn lè jókòó sí.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n ti ṣe òfin méjì. Òfin kìíní ni pé ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ jù ni yóò máa ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Òfin kejì ni pé bí ẹyọ ẹnì kan bá ní kí wọ́n padà nítorí ewu, gbogbo wọn á padà, wọn kò ní í dìbò lórí rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ owó, ìbò ló ń pinnu. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló láṣẹ.

Ọjọ́ kejì ni òfin yẹn ṣiṣẹ́. Wọ́n ti dé ìlú àtijọ́, wọ́n ti wo ààfin, afinimọ̀nà sì fẹ́ mú wọn kọjá lọ sí ibi ojú ẹsẹ̀ Agboogun. Òjò oṣù kẹjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ìhà gúúsù. Ìyá tó mẹ́nu kan orúnkún rẹ̀ ní ìpàdé Ìbàdàn ní òun ń gbọ́ àrá, kí wọ́n padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú àbá wá kò fẹ́. Ó ní àrá náà ṣì jìnnà, pé ibi tí àwọn ń lọ kò ju ìrìn díẹ̀ lọ, pé ta ló mọ ìgbà tí àwọn tún máa rówó wá. Ìwé ìròyìn akọ̀wé sọ pé ó bínú gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ sí òfin náà, ó sì yí padà. Bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí.

Kí wọ́n tó dé abẹ́ òrùlé ilé àtijọ́ kan, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìpinnu ìyá náà fi tọ́. Òkúta gbalaja tí kò ní igi lórí ni ibi tó burú jù tí àrá lè bá ènìyàn, nítorí pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ga jù níbẹ̀. Bí a bá ti ń gbọ́ ìró àrá, mànàmáná ti sún mọ́ tó láti pa ènìyàn. Abẹ́ igi tó dá dúró kọ́ ni à ń sá sí, inú ilé ni, ká sì dúró tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìró tó kẹ́yìn. Ewu kejì ni pé ewédò máa ń bo òkúta lásìkò òjò, bó bá sì ti rin, ó ń yọ̀ bí ọ̀ṣẹ dúdú. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kò sí ọkọ̀ tó lè dé ibẹ̀ wá gbé e.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi jókòó. Nígbà tó dá, orúnkún ìyá náà ti wú. Ẹ má gbàgbé pé sísọ̀kalẹ̀ le fún orúnkún ju gígùn lọ. Wọ́n tú ẹrù rẹ̀, wọ́n pín in sáàárín àwọn mẹ́jọ yòókù, kò tó kìlógíráàmù kan àbọ̀ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bínú yẹn ló lọ ṣáájú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń tẹ ibi tí ìyá náà yóò tẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Wọn kò rí ojú ẹsẹ̀ Agboogun.

Ibi tí wọ́n sùn ni inú mi dùn sí jù nínú gbogbo ìròyìn náà. Gbọ̀ngàn ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó kan ni wọ́n sùn ní alẹ́ méjèèjì. Akọ̀wé ti mú ìwé láti ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ wọn dání, ó fi hàn wọ́n, àwọn olóko sì ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ láàárín àwọn òṣùwọ̀n kòkó àti àpò ọ̀gọ́. Nígbà tí àjọ àgbáyé wa ṣe ìpàdé ní Manchester ní 1995, wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà kẹfà pé kí ẹgbẹ́ máa bá ẹgbẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. A máa ń kà á ní kíláàsì bí ìgbà tí à ń ka àkọ́sórí. Àwọn wọ̀nyí sùn lórí rẹ̀.

Ìṣirò owó nìyí, nítorí pé ẹ̀kọ́ wa kò pé láìsí i. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ₦126,000. Oúnjẹ, ₦54,000. Ohun tí wọ́n rà, bí tọ́ọ̀ṣì, ọ̀rá ìbora òjò, okùn àti oògùn, ₦36,000. Owó ẹnu ọ̀nà, ti afinimọ̀nà, àti ohun tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olóko kòkó, ₦27,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦243,000. ₦63,000 ló ṣẹ́ kù, ₦7,000 padà sínú ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ní rìsíìtì gbogbo rẹ̀ àyàfi ti dòdò Ìkirè, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá àbá méjì. Èkíní ni pé kí ìwé owó ìfipamọ́ àkànṣe máa ní ìlà mẹ́ta sí i: ohun tí a torí rẹ̀ ń dá a, ọjọ́ tí a ó ná an, àti ohun tí ẹni tó dá a fẹ́ kí a ṣe bí kò bá ṣeé ṣe. Mo fọwọ́ sí i, mo sì rọ gbogbo ẹgbẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún fi kún un pé bí apá kan owó náà yóò bá di owó ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n má dúró di oṣù tó kẹ́yìn kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ.

Èkejì ni pé kí ẹgbẹ́ ra àpò ẹ̀yìn mẹ́wàá àti àwọn ohun èlò ìrìn, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa fi owó díẹ̀ yá a lò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí i. Kí wọ́n má rẹ́rìn-ín jù. Ní 1938, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, Lloyd Anderson àti Mary ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn mọ́kànlélógún tí wọ́n jọ ń gun òkè, dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ nítorí pé àáké tí wọ́n fi ń gun yìnyín wọ́n jù ní ọjà. Wọ́n parapọ̀ rà á láti Austria. Ẹgbẹ́ náà ni REI, ó sì ní mílíọ̀nù ọmọ ẹgbẹ́ lónìí.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà wà, ẹ má jẹ́ ká fò ó. Ní 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Vancouver, ní Kánádà, dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, MEC ni orúkọ rẹ̀. Dọ́là Kánádà márùn-ún ni ènìyàn fi ń di ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé. Ó gbilẹ̀ títí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Gbèsè wọ ọ́ lọ́rùn, nígbà tó sì di 2020, ìgbìmọ̀ rẹ̀ tà á fún ilé iṣẹ́ olówó Amẹ́ríkà kan. Wọn kò pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n dìbò. Àwọn kan nínú wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ṣùgbọ́n kóòtù fọwọ́ sí títà náà, nítorí pé lábẹ́ òfin àwọn onígbèsè ni wọ́n ti ṣe é. Mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ló ní in, àwọn díẹ̀ péré ló ń wá sí ìpàdé àti ìbò. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, kí olówó tó dé.

Wọ́n gbé àbá àpò ẹ̀yìn náà lé ọwọ́ ẹni mẹ́ta, pé kí wọ́n wádìí iye rẹ̀ kí wọ́n sì mú ìròyìn wá sí ìpàdé ọdọọdún. Ìyá olórúnkún wà nínú àwọn mẹ́ta náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín:

Bí ó bá jẹ́ pé ẹni mẹ́fà péré ló fẹ́ lọ Ìdànrè, tí owó ohun èlò àti ₦27,000 ẹnu ọ̀nà kò sì yí padà, èló ni yóò ṣẹ́ kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Nínú ẹgbẹ́ yín, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé owó ìfipamọ́ àkànṣe ṣeé dá padà? Ẹ ka ibẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Ẹni mélòó ló wá sí ìpàdé gbogbogbòò yín tó kọjá, nínú ẹni mélòó?